Bàtà pointe kì í ṣe bàtà ọdún

Tí a bá ń ra bàtà ọdún fún ọmọ ní ọjà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta, èyí tó fi díẹ̀ tóbi la máa ń mú, kó lè wọ̀ ọ́ dé ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ ra bàtà pointe, èyí tí àwọn oníjó ballet fi ń dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Àyè yòówù tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ yóò máa rì sí, tí gbogbo ìwúwo ara yóò já lé àtàǹpàkò lórí. Awọ á bó, èékánná á dúdú. Èyí tó bá ẹsẹ̀ mu lónìí ni kí ẹ rà. Bí ẹsẹ̀ bá gùn sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òmíràn ló kàn. Olùkọ́ ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé ọmọ ti tó o wọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà kí ọmọ wọ̀ ọ́ kó tó pé nǹkan bí ọdún 11 tàbí 12, kó sì ti fi ọdún mélòó kan kọ́ ijó náà.

Kò sí igi tàbí irin nínú bàtà yìí, bó ti wù kó le tó. Box ni ihò líle tó gba ìka ẹsẹ̀: aṣọ, bébà àti àpò ìdọ̀họ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ní ìpele-ìpele. Iwájú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní platform, orí rẹ̀ ni oníjó ń dúró lé. Vamp ni apá òkè tó bo ìka. Shank ló gbé àtẹ́lẹsẹ̀ ró láti inú, awọ tàbí páálí líle sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí Marie Taglioni, gbajúmọ̀ oníjó ballet, gun orí ìka jó ní Paris lọ́dún 1832, kò sí box rárá. Òwú ni wọ́n fi rán imú bàtà rẹ̀ kó lè le díẹ̀.

Kí ẹ tó ránṣẹ́ ra bàtà náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró lórí páálí nírọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí i ká. Ẹ wọn gígùn rẹ̀, kí ẹ sì wọn ìbú rẹ̀ níbi oríkèé ìdí àwọn ìka. Bí ìka bá dọ́gba, box tó fẹ̀ ló yẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ń kúrú láti àtàǹpàkò lọ, ẹ wá èyí tó ń tín-ín-rín síwájú. Bí ìka kejì bá gùn ju àtàǹpàkò, òun nìkan ni yóò máa gbé ara. Ẹ fi fìlà kékeré tí wọ́n fi jẹ́lì (nǹkan rírọ̀ bíi rọ́bà) ṣe dé àtàǹpàkò lórí kó lè dí àlàfo náà. Nọ́ńbà bàtà ilé ìwé rẹ̀ kò wúlò níbí, torí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń fi X ka ìbú: bí X ṣe ń pọ̀ ni bàtà ń fẹ̀.

Tí bàtà bá dé, orí kápẹ́ẹ̀tì tàbí aṣọ ni kí ẹ ti dán an wò, torí àwọn tó ń tà á kì í gba èyí tí ìdí rẹ̀ ti dọ̀tí padà. Kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì: ìka gbọ́dọ̀ nà gbọọrọ, kó kan iwájú láìká kò. Kó tẹ orúnkún díẹ̀: ìka á kan iwájú dáadáa sí i, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dùn ún. Ẹ wá di ọwọ́ rẹ̀ mú kó gun orí ìka. Ẹ fi ìka méjì fún sátíìnì gìgísẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Bíi ìdajì sẹ̀ǹtímítà ló yẹ kó wá sọ́wọ́ yín. Bó bá ju 1 lọ dáadáa, bàtà ti gùn jù. Bí kò bá sí rárá, ó kúrú. Bó bá gòkè tí ẹsẹ̀ rì tí ìka ọwọ́ yín sì ráyè wọ ẹ̀gbẹ́ box, ó fẹ̀ jù. Vamp gbọ́dọ̀ bo oríkèé ìdí ìka, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ á fẹ́ yọ síta. Bó bá sì ga jù, kò ní lè gun platform tán. Àwọn òbí máa ń yan shank tó le jù torí kó lè pẹ́. Àṣìṣe ni: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì lágbára kò ní lè tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn platform ni yóò máa dúró sí.

Lọ́pọ̀ ìgbà, bàtà pointe kò ní tọ̀tún, kò ní tòsì. Tí ẹ bá ti yan èyí tó bá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mu, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀.

Ríbọ́ọ̀nù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2, tó gùn tó mítà 2 àti ààbọ̀, tó bàtà méjèèjì. Ẹ gé e sí mẹ́rin, kí ẹ fi iná kan ẹnu rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kó má baà tú. Ẹ tẹ gìgísẹ̀ bàtà síwájú sínú. Ibi tó ti ká ni ẹ ó rán ríbọ́ọ̀nù mọ́. Ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún okùn tó yí ẹnu bàtà ká, torí kò ní ṣeé fà mọ́.

Gọ́ọ̀mù inú box kórìíra omi, òógùn ẹsẹ̀ pàápàá. Torí náà, ẹ má gbé e fún ṣọ́ọ̀mékà pé kó fi omi fẹ̀ ẹ́. Lásìkò òjò ní Abẹ́òkúta, bàtà tí ẹ dì sínú ọ̀rá lẹ́yìn ijó ń rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ yọ jẹ́lì inú rẹ̀, kí ẹ ki ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ fáànù ń dé fún wákàtí 24, kì í ṣe inú oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi í jó lórí sìmẹ́ǹtì lásán. Ó ń jẹ sátíìnì, ó sì ń dá oríkèé lágara. Ọjọ́ tí box bá tẹ̀ wọlé tí ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, tàbí tí shank bá ṣẹ́ lójú kan, ẹ má fi gun orí ìka mọ́.