Bí a ṣe fẹsẹ̀ rin Florence, àti tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń dùn mí

Yúrò 52 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mo san kí èmi àti àbúrò mi lè wo ère David, ère òkúta kan tó lókìkí, ní mùsíọ́ọ̀mù Accademia nílùú Florence, lórílẹ̀-èdè Ítálì. Orí ìkànnì kan tí kì í ṣe ti mùsíọ́ọ̀mù yẹn fúnra ẹ̀ ni mo ti rà á, ó sì ń ká mi lára di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mọ́ńdè la dé. Uffizi, mùsíọ́ọ̀mù àwòrán tó wà níbẹ̀, tì pa, Accademia tí David wà náà tì pa, wọn kì í ṣí ní Mọ́ńdè, a ò sì mọ̀. Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí torí àárín ìlú yẹn ò tóbi, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn ín. A rìn kọjá lórí Ponte Vecchio, afárá kan ṣoṣo tí àwọn sójà Jámánì ò wó lórí odò Arno nígbà tí wọ́n ń sá lọ lọ́dún 1944, àwọn tó ń ta wúrà ló kún orí ẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ alápatà ló wà ńbẹ̀ láyé àtijọ́.

Ọjọ́ kejì ni wàhálà dé. A dé ẹnu ọ̀nà Accademia láàárọ̀, ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò wo fóònù mi, ó mi orí, ó ní èyí kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé tá a máa fi gba tíkẹ́ẹ̀tì ni, ká lọ wá ẹni tó gbé agboòrùn pupa dání. Agboòrùn pupa! A wá a dé Piazza San Marco, a padà, a tún lọ. Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹfà, ó dún títí ó fi já. Oòrùn ń pa wá, àwọn tó dé lẹ́yìn wa ń wọlé lọ ràì.

Ó tó wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú kí ẹni tó gbé agboòrùn pupa yẹn tó yọ sí wa. Kò bẹ̀ wá, kò kí wa, ó kàn na ìwé pélébé méjì sí mi. Mo wo iye tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀, kò tó ìdajì ohun tí mo san! Inú mi ru ṣùù. Àbúrò mi ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wọlé ná, ẹ má jẹ́ kó ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

David yẹn, háà! Ó ga ju mítà márùn-ún lọ. Òkúta mábù kan táwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ tí wọ́n pa tì ni Michelangelo sọ di èèyàn láàárín 1501 sí 1504. Mo dúró síbi ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn yọ bíi ti alágbẹ̀dẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ owú sílẹ̀.

Lọ́sàn-án, a gun òrùlé róbótó tí Brunelleschi kọ́ sórí kàtídírà, tí wọ́n parí lọ́dún 1436. Àtẹ̀gùn 463, kò sí lífítì. Àárín òrùlé méjì tó wà nínú ara wọn lọ̀nà gbà, tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ òkè ògiri á máa tẹ̀ bọ̀ sí yín lórí. Ẹni ọdún 51 ni mí, mi ò jókòó lẹ́ẹ̀kan títí mo fi débẹ̀! Ìkànnì ṣọ́ọ̀ṣì náà gan-an ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ìyẹn, aago tí wọ́n kọ sí i la wọlé.

Torí náà ìkànnì mùsíọ́ọ̀mù gan-an ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ sì ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ibojì Galileo, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ láyé àtijọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì Santa Croce ló wu àbúrò mi jù láti rí nínú gbogbo ìrìn àjò yẹn. Ìgbà tá a fi máa sáré débẹ̀, wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn.