Bí mo ṣe kọ́ okùn jíjù lára màlúù oníke ní Texas

Ẹ wò ó, mo rò pé kò lè le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn Fúlàní tí mo máa ń rí nílé, ọ̀pá àti ohùn ẹnu ni wọ́n fi ń da màlúù, mi ò rí kí wọ́n ju okùn sí i. Àfìgbà tí mo lọ wo ródíò, ìyẹn ìdíje àwọn darandaran ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Houston níbí, tí mo rí àwọn méjì lórí ẹṣin tí wọ́n gbá tẹ̀lé màlúù kan, ọ̀kan ju okùn mú ìwo, èkejì mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, kí n tó gbé itọ́ mì wọ́n ti ṣe tán. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló mú, sẹ́kọ́ńdì 5 ni wọ́n á fi kún àsìkò wọn. Mo ní èmi náà á kọ́ ọ.

Baba kan tó ń sin ẹṣin lẹ́yìn ìlú, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ọmọ Texas pọ́ńbélé, ló gbà láti kọ́ mi. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n súnmọ́ ẹṣin. Orí màlúù oníke kan tó ní ìwo ló gún mọ́ ìdì koríko gbígbẹ, ó ní ìyàwó mi nìyẹn fún oṣù mẹ́ta.

Okùn ẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 30, ó le gan, kì í ṣe irú èyí tá a fi ń so ewúrẹ́. Wọ́n ta ojú kékeré kan sí ẹnu ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní honda, inú ẹ̀ ni ìyókù okùn ń gbà tó fi ń di ojóbó. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe: mo di okùn mú mọ́ ìdí honda gbagbáágbá, tí mo bá ti ń fì í á lọ́ mọ́ra, á bá mi létí gbòsà! Baba ní kí n fi àyè sílẹ̀ láàárín ọwọ́ mi àti honda, bí ìgbọ̀nwọ́ kan àtààbọ̀. Fífì ẹ̀ náà, ọrùn ọwọ́ ni, kì í ṣe èjìká. Èjìká ni mo lò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo wálé bí ẹni tó gúnyán fún ogún èèyàn. Tó o bá wá fẹ́ jù ú, àtẹ́lẹwọ́ á dojú bolẹ̀, ojóbó á bọ́ sí ìwo ọ̀tún, iwájú ẹ̀ á ká ìwo òsì.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú ìwo méjèèjì, mo fò sókè, mo ń jó, Baba kàn ń wò mí ni. Mi ò fa okùn! Ó ní màlúù gidi á ti jáde nínú ẹ̀ á ti délé.

Oòrùn tún wà níbẹ̀ jàre, tó bá ti mú, okùn á rọ̀ bí àmàlà. Páúdà ọmọdé ni Baba fi ń pa á kó lè máa yọ̀ lọ́wọ́. Tó bá rí i pé ó ti sú mi, á bẹ̀rẹ̀ ìtàn Bill Pickett, aláwọ̀ dúdú ọmọ Texas tí wọ́n bí ní 1870, tó máa ń fò látorí ẹṣin di màlúù níwo mú, á tún fi eyín dì í létè títí á fi ṣubú. Mo ní Baba, èmi ò bá ẹnikẹ́ni jẹ ètè màlúù o.

Ìgbà tí mo ń mú 7 nínú 10 ló tó gbé mi gun ẹṣin arúgbó kan tí kò ráyè tèmi rárá. Ibẹ̀, tí okùn bá ti mú, kíá lo máa ká a mọ́ ìwo gàárì, ìyẹn kùkùté kékeré tó yọ sókè níwájú gàárì ẹṣin, àtàǹpàkò á sì nà sókè kí okùn má ká òun náà mọ́ ọn. Mo ní ṣé ó wá le tó bẹ́ẹ̀ ni? Baba bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún ẹ̀. Ìdajì àtàǹpàkò ló kù.

Sátidé tó kọjá, mo jù ú látorí ẹṣin, ó mú ìwo méjèèjì, mo fà á, mo ká a lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni mo wo àtàǹpàkò mi. Ó pé.