Ẹyin Tí Mo Ní Wọ́n Jí: Ìrírí Mi Lórí Adìẹ Tó Ń Jẹ̀ Káàkiri

Oníbàárà mi kan wà ní Ọ̀fà, obìnrin tó ń ṣe kéèkì. Ó pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2024. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ ni mo bá nínú ẹyin yín. Ojú ọmọ adìẹ ló ń wò mí nínú abọ́ yìí." Ó ti fọ́ ẹyin 21 sórí bọ́tà àti ṣúgà kéèkì ìgbéyàwó kí ó tó kan èyí tó bà á jẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló dà nù. Mo san owó bọ́tà, mo san owó ṣúgà, mo fi kíréètì méjì bẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ kò ra ẹyin lọ́wọ́ mi mọ́ títí di òní. Ó ṣì ń dùn mí.

Oko mi wà lẹ́yìn Àjàṣẹ́-Ìpo, lójú ọ̀nà Òmù-Àrán, nínú oko kajú tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ní 2022 ni mo ra àkùkọ Nóílà, irú adìẹ kan tó tóbi ju ti ìbílẹ̀ lọ, tí mo sì kó wọn pọ̀ mọ́ àgbébọ̀ ìbílẹ̀ tí mo rà lọ́kọ̀ọ̀kan ní Òró àti Ìdọ̀fíàn. Abọ́lọ́rùn wà nínú wọn, òpìpì wà, àrùpẹ̀ náà wà. Ohun tí mo ń wá ni adìẹ tí ara rẹ̀ tóbi bíi ti Nóílà, tí yóò máa yé ju ti ìbílẹ̀ lọ, tí yóò sì gbọ́n bí ìyá rẹ̀ láti sá wọ abẹ́ igi nígbà tí àwòdì bá ń rá bàbà. Mo rí i. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, inú mi sì ń dùn sí i. Àwọn ọmọ abọ́lọ́rùn mi kì í mí hẹlẹhẹlẹ nínú oòrùn oṣù kẹta bí àwọn yòókù, nítorí pé ìyẹ́ ara wọn kò pọ̀. Àwọn àkùkọ tí mo tọ́ de Ìtúnu Ààwẹ̀ ọdún 2024 kò dé ọjà rárá, ilé ni wọ́n ti wá gbé wọn tán.

Ti òròmọdìẹ lábẹ́ iná, ti oúnjẹ wọn, ti àjẹsára lúkúlúkú tó yẹ kí adìẹ gbà kí ọyẹ́ tó dé, n kò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ti sin adìẹ rí mọ̀ ọ́n.

Lóṣù kẹsàn-án, àgbébọ̀ 64 tí mo ní ń fún mi ní ẹyin 38 sí 40 lójúmọ́. Nígbà tí oṣù kẹwàá fi máa parí, ó ti di 26. Lọ́sẹ̀ tí oníkéèkì pè mí, 17 péré ni. Oúnjẹ wọn kò sì dínkù: àpò kan ní ọjọ́ márùn-ún, yàtọ̀ sí èérí àgbàdo tí mo ń dà fún wọn nírọ̀lẹ́. Mo fún wọn lóògùn aràn. Mo wá ejò, nítorí ejò a máa gbé ẹyin mì láìku èèpo. Mo dẹ pàkúté fún ẹtà. Kò sí nǹkan tó yí padà.

Ìpè oníkéèkì yẹn ló wá mú mi so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ lọ́nà tí kò tọ́. Ọmọ àbúrò ìyá mi ló ń bá mi ṣiṣẹ́ nígbà náà. Mo ní òun ló ń ta ẹyin tuntun fún àwọn ọlọ́kọ̀ ní ìkóríta Àjàṣẹ́, tó wá ń fi ẹyin àtijọ́ dí àlàfo rẹ̀ fún mi. Ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́ kajú ni mo ti rí ẹyin mẹ́tàlá tí mo kó mọ́ tiyín yẹn nígbà tí mò ń roko. Mo rò pé inú yín á dùn ni." N kò gbọ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Òmù-Àrán. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ èmi àti àǹtí mi ti di adìẹ bà lókùn, ara kò rọ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ó lọ tán, ẹyin di 15. Ó tún di 14. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ara mi sì tutù wá. Ó ti sọ òótọ́ ibi tó ti rí ẹyin fún mi, n kò sì lọ wò ó.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi wá ibi tí adìẹ mi ń yé sí, ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi ta gbogbo wọn. Ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, mò ń tẹ̀ lé wọn kiri. Àgbébọ̀ tó bá mọ̀ pé o ń wo òun kò ní lọ síbẹ̀ láéláé. Yóò máa ta ilẹ̀, yóò máa ṣa kòkòrò jẹ, yóò rìn sọ́tùn-ún, yóò rìn sósì, títí tí iṣẹ́ mìíràn yóò fi pè ọ́. Bí o bá fi máa padà dé, ó ti yé, ó sì ti ń ké kiri bí ẹni pé kò sí nǹkan. Mo yẹ abẹ́ kajú kọ̀ọ̀kan wò, àmọ́ ewé kajú gbígbẹ nípọn nílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ àwọ̀ ẹyin. Mo tẹ ẹyin méjì fọ́ kí n tó rí wọn.

Màmá kan tí oko gbágùdá rẹ̀ bá tèmi pààlà ló gbà mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó ló ti ń sin adìẹ. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo ń lé wọn kiri sí? Mú un kí o tó ṣílẹ̀kùn fún un." Ó wá sí ilé adìẹ mi ní ìdájí, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka wo ìdí wọn. Èyí tí ẹyin bá ti le sí nínú, á fi í sínú àgò. Èyí tí kò ní, á tú u sílẹ̀. Nígbà tí oòrùn ti mú dáadáa, ó ní kí n tú ẹyọ kan sílẹ̀ nínú àwọn tó wà nínú àgò, kí n jókòó jìnnà. Adìẹ yẹn kò ta ilẹ̀, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Tààrà ló sáré lọ.

Bá a ṣe ń tú wọn sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nìyẹn fún ọjọ́ márùn-ún. Ìtẹ́ méje la rí. Ẹyin 19 wà lẹ́bàá gbòǹgbò kajú kan, 11 wà láàárín búlọ́ọ̀kù tí mo tò sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Èyí tó burú jù wà nínú igbó akíntọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko màmá: ẹyin 34, àgbébọ̀ kan sàba lé wọn, ó sì fẹ́ sọ mí lójú. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 112, láìka àwọn tí ẹtà ti jẹ, tí mo bá èèpo wọn. Márùn-ún nínú àwọn àgbébọ̀ mi ló ti ń sàba, ìyẹn náà sì dín ẹyin kù, nítorí adìẹ tó ń sàba kì í yé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ì bá gba kéèkì obìnrin yẹn là. Gbogbo wa la mọ̀ pé kéèyàn fi ẹyin sínú omi: èyí tó bá sùn nílẹ̀ jẹ́ tuntun, èyí tó bá nàró ti pẹ́, èyí tó bá léfòó ti di ọ̀bu. Àmọ́ ibi tí àkùkọ bá wà láàárín àgbébọ̀, omi nìkan kò tó. Ẹyin tí adìẹ ti sàba lé fún ọjọ́ mẹ́rin ṣì lè sùn nílẹ̀ omi dáadáa, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ti wà nínú rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn ló ń fi ìyẹn hàn. Ẹ gbé ibi tó tóbi lára ẹyin lé ẹnu tọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá rí okùn pupa tó tàn bíi gbòǹgbò, ẹ má tà á. Èyí tí wọ́n bá kó lójúmọ́, tí wọ́n sì gbé síbi tó tutù, kò ní di ọmọ, bí àkùkọ tilẹ̀ gùn ún.

Kí ló lé wọn jáde nínú ilé? Káfíńtà kan ní Ìlọrin ni mo san owó ńlá fún pé kó bá mi fi pákó tó fá dáadáa ṣe àpótí ìyéyin mẹ́rìndínlógún. Pákó tí kò fá ló lò, àlàfo wà níbi tí wọ́n ti pàdé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí àpótí náà, mo sì gbé ọwọ́ lé e. Ká tó ṣẹ́jú, ọwọ́ mi ti ń yún mí. Yòrò ni. Inú àlàfo pákó ni wọ́n ń sápamọ́ sí lójú ọjọ́, tí wọ́n á jáde lóru láti fa ẹ̀jẹ̀ adìẹ. Adìẹ wo ló máa jókòó síbẹ̀ yé? Igi tí wọ́n ń sùn lé tún rẹlẹ̀ ju àpótí lọ, bẹ́ẹ̀ adìẹ a máa wá ibi tó ga jù sùn. Àwọn kan ń sùn nínú àpótí, wọ́n sì ń yàgbẹ́ síbẹ̀.

Mo dáná sun àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún. Ó dùn mí dé ọkàn, nítorí owó tó wà níbẹ̀. Mo ra kẹ́ẹ̀gì 25 lítà lọ́wọ́ àwọn alépo, mo fọ̀ wọ́n, mo gé ẹ̀gbẹ́ kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan tó gba adìẹ, mo sì kọjú wọn sí ògiri kí inú wọn lè ṣókùnkùn. Rọ́bà kò ní àlàfo tí yòrò lè wọ̀. Èèpo ìrẹsì ni mo tẹ́ sínú wọn. Mo mọ sìmẹ́ǹtì bí ẹyin, mo kùn ún ní funfun, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, nítorí ibi tí adìẹ bá ti rí ẹyin ló máa ń fẹ́ yé sí. Mo gbé igi ìsùn sókè, mo sì da eérú sílẹ̀ kí wọ́n máa fi wẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò ṣílẹ̀kùn fún wọn títí wọ́n fi ń pe ìrun Àìlà. Ariwo wọn pọ̀, àmọ́ òwúrọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń yé. Àwọn tó ń sàba ni mo fi sínú kéèjì tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ wáyà, tí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ fẹ́ wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ti gbàgbé. Ká ní mo mọ̀ ni, kẹ́ẹ̀gì ni ǹ bá fi bẹ̀rẹ̀, ǹ bá sì ti máa há wọn mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n yé ẹyin àkọ́kọ́, kí igbó tó mọ́ wọn lára.

Kí oṣù kìíní ọdún 2025 tó parí, a ti padà sí ẹyin 36. Mo gbé kíréètì méjì àti àkùkọ abọ́lọ́rùn kan lọ sí Òmù-Àrán, mo kúnlẹ̀ fún àǹtí mi, mo sì bẹ ọmọ rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ọmọ náà padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Ìyá rẹ̀ gba àkùkọ, àmọ́ kò tíì máa pè mí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Lánàá, lẹ́yìn Àìlà, ọmọ náà sáré wá pè mí pé òpìpì kan ti wọ igbó akíntọ́lá, kò sì ta ilẹ̀ lójú ọ̀nà. A jọ lọ. Ẹyin mẹ́ta la bá níbẹ̀, ọ̀kan ṣì gbóná. Inú àgò ni òpìpì náà wà báyìí.