Bí mo ṣe fi owó ìjọba kọ́ṣẹ́ LPN, tí mo ṣì ń tọ́jú arúgbó ní Maryland

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń tọ́jú arúgbó ní Amẹ́ríkà gbà pé ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ni ìjọba ń san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin WIOA ti ọdún 2014, tí ìjọba fi ń san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láyè, bí owó tó ń gbà kò bá tó gbọ́ bùkátà. GNA, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú arúgbó, ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. LPN, nọ́ọ̀sì tó ní láísẹ́ǹsì, ni mí báyìí.

FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó ilé ìwé ti ìjọba àpapọ̀, ni mo kọ́kọ́ kún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Òun ni wọ́n fi ń wò ó bóyá Pell Grant tọ́ sí èèyàn, owó tí a kì í dá padà, tó lè tó $7,395 fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025–26. Ẹni tó ní green card lè gbà á. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ẹ ti ní digirí àkọ́kọ́. Digirí tí a gbà ní Nàìjíríà wà lára rẹ̀, ẹni tó bá sì ní i kò lè gba Pell mọ́. Ẹ má fi pamọ́. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù yẹn lè sọni sẹ́wọ̀n. Digirí tèmi ni kò jẹ́ kí n rí Pell gbà, mo sì tẹ èsì náà jáde sínú fáìlì. Ó wúlò gan-an, torí WIOA fẹ́ rí i pé ẹ ti kọ́kọ́ wá Pell, bẹ́ẹ̀ òfin WIOA kò lé ẹni tó ní digirí padà.

Ó kan American Job Center àdúgbò wa, ọ́fíìsì tí a ti ń béèrè owó WIOA. Mo kó green card, social security, ìwé ìwakọ̀, bíìlì iná tó gbé àdírẹ́sì mi, àti payslip oṣù mẹ́fà gbáko lọ. Payslip yẹn ni wọ́n fi ń ṣírò bóyá owó tó ń wọlé fún ìdílé yín kéré, torí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Bí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ méjì, ẹ kó ti méjèèjì. Ọkùnrin ní láti fi hàn pé òun forúkọ sílẹ̀ fún Selective Service, àkọsílẹ̀ àwọn ọkùnrin tí ìjọba lè pè sí iṣẹ́ ológun; ẹni tó ti pé ọdún 26 kó tó wọ Amẹ́ríkà kò sí lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kó mú ẹ̀rí ọjọ́ tó wọlé dání.

Ibi ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Orúkọ ilé ìwé lè wà lórí àkọsílẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ẹ̀kọ́ LPN wọn má sí níbẹ̀, torí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fọwọ́ sí. Ẹ wá orúkọ ẹ̀kọ́ náà gan-an. Ẹ má sì wọ kíláàsì kí ìwé àṣẹ owó WIOA tó jáde. Owó tí ẹ bá ti san sílẹ̀ kì í sábà padà wá.

Mo gba ìwé iye owó lọ́wọ́ ilé ìwé, mo sì dá a padà nítorí owó ẹ̀kọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Èyí tí mo gbà lẹ́yìn náà to gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwé kíkà, scrubs méjì, bàtà, stethoscope, fingerprint, owó Board of Nursing, $200 tí Pearson VUE, ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìdánwò, ń gbà fún NCLEX, ìdánwò láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì. Ohun tí kò bá sí lórí ìwé yẹn, àpò yín ló máa ti jáde. Ẹ béèrè iye tí owó WIOA mọ ní àdúgbò yín kí ẹ tó mú ilé ìwé. Ẹ béèrè owó ọkọ̀ àti owó olùtọ́jú ọmọ pẹ̀lú. WIOA lè bá yín gbé e.

Bí ìwé ṣe ń lọ, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Hepatitis B alábẹ́rẹ́ mẹ́ta ń gba oṣù mẹ́fà, ilé ìwé kò sì ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan aláìsàn láìsí i. TEAS, ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé fi ń gbani wọlé, jẹ́ ìbéèrè 170 ní ìṣẹ́jú 209. Ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ni kí ẹ kọjú mọ́ jù.

Mo bá ọ̀gá mi ṣètò iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ti iṣẹ́ òru lọ sí clinical, ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn, tààrà: oorun lè mú kí èèyàn ṣi oògùn fún aláìsàn. Ẹni tó bá sì pa clinical jẹ lè pàdánù àyè rẹ̀ àti owó náà.

NCLEX-PN, NCLEX ti LPN, ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbéèrè 85, ó lè dé 150, wákàtí márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ID yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù, kí ẹ wo orúkọ lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ID bá ní Oluwaseun, tí fọ́ọ̀mù ní Seun, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti dá yín padà, owó náà á sì ṣòfò.