Bí orúkọ àbúrò mi ṣe padà wọ lísìtì àwọn tó jáde, láì dé kóòtù

12 August 2024 ni wọ́n lẹ lísìtì àwọn tó máa jáde mọ́ ògiri dípátímẹ́ǹtì wọn, orúkọ àbúrò mi ò sì sí níbẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ fótókópì ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Under-G, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, nígbà tó pè, gbogbo ohun tó ń sọ ò ju "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní mi ò tíì pé" lọ. Mo ní kí ni ò pé? Ó ní kọ́ọ̀sì 2 unit kan. Ọmọ tó wọlé ní 2018, tó yẹ kó ti jáde ní 2022, Kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, jẹ nínú 2020 rẹ̀, ìyanṣẹ́lódì 2022 tún gba oṣù mẹ́jọ, wọ́n tún wá ní kó lọ jókòó ọdún kan sí i torí unit méjì.

Ọjọ́ orí ẹ̀ ló jẹ́ kí ara mi gbóná. Ó ti pé 29. Ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó jáde, NYSC ò ní gbà á, ìwé exemption ni wọ́n á fún un, bẹ́ẹ̀ àtìgbà tó ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ti ń sọ pé òun máa ṣe àgùnbánirọ̀.

Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Kì í ṣe ti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí o, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni, ìpínlẹ̀ míì ló wà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ni pé kọ́ọ̀sì yẹn ò sí nínú handbook tí wọ́n fún wọn nígbà tí wọ́n wọlé, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n fi kún un. Ọdọọdún ló ń fi course form lọ level adviser, wọ́n ń fọwọ́ sí i, HOD, ọ̀gá dípátímẹ́ǹtì, náà ń fọwọ́ sí i, ẹnì kankan ò sọ pé nǹkan kan kù. 138 unit ló ní, bẹ́ẹ̀ 120 ni NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, ní kò gbọdọ̀ dín fún kọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin.

Bọ̀dá kan ládùúgbò wa ní ká lọ rí wọn lábẹ́lẹ̀. Màmá wa ti fẹ́ẹ́ gbà, wọ́n ti ń wá ẹni tí wọ́n máa yáwó lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní rárá o Màmá, tá a bá fowó sí i, a ti gbà nìyẹn pé ọmọ yín ló jẹ̀bi, kò sì ní sí ìwé kankan lọ́wọ́ wa tí wọ́n bá tún yí i padà lọ́la.

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ lọ́yà kan lọ, bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń tẹ̀wé lọ́dọ̀ mi, ọ́fíìsì wọn wà lọ́nà Tákíé. Lójú tèmi, kóòtù ló kàn. Wọ́n jẹ́ kí n sọ tèmi tán, wọ́n ní "Ìyá Tóbi, ẹjọ́ yín dáa, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé e lọ lónìí, wọ́n máa dà á nù." Wọ́n ní ní 2005, nínú ẹjọ́ Magit àti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Makurdi, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ pé Sẹ́nẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́, ìgbìmọ̀ tó ń darí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ló ń fúnni ní dìgírì, kóòtù ò ní gbaṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn, ẹni tí inú ń bí sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba gbogbo ọ̀nà tó wà nínú ilé ẹ̀kọ́ náà tán. Mo ní ṣé kò wá sí ohun tí kóòtù lè ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ni sà? Wọ́n ní ó wà, wọ́n mẹ́nu ba ẹjọ́ Garba ti 1986, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Yunifásítì Maiduguri lé, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn láre torí wọn ò gbọ́ tẹnu wọn bó ṣe yẹ. Bí kóòtù ò bá ní fún ọ ní dìgírì, ó lè bi ilé ẹ̀kọ́ pé ṣé ó tẹ̀ lé òfin tóun fúnra ẹ̀ ṣe.

Ohun méjì míì tí wọ́n sọ ni mi ò bá má mọ̀ láé. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀, Federal High Court la máa gbé e lọ, kì í ṣe High Court ìpínlẹ̀. Ìkejì, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún èèyàn ní oṣù mẹ́ta péré láti pẹjọ́, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ wọ́n lè ní ó ti pẹ́ jù. Mo délé, mo fi bíró pupa yí 12 November ká lára kàlẹ́ńdà.

Ìwé la kọ́kọ́ kó jọ. Lẹ́tà admission, handbook 2018, course form gbogbo ọdún tó ní ìbuwọ́lù, rẹ́sọ́ọ̀tì tó tẹ̀ jáde ní pọ́tà, rìsíìtì owó ilé ìwé. Course form 200 level ò sí, ẹnì kan ní yàrá tó ń gbé ti fi di nǹkan, ọ̀dọ̀ ọmọ kíláàsì ẹ̀ kan la ti rí irú ẹ̀ wò kó tó lọ gba ẹ̀dà tiẹ̀ ní fákọ́tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ nílé ìwé, ẹ ní kí wọ́n máa ya fótò ìwé wọn sórí fóònù.

Lẹ́yìn náà la kọ lẹ́tà sí HOD. Ojú ewé mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ tẹ̀, gbogbo ìbínú mi ló wà níbẹ̀, lọ́yà fi bíró fa ilà sí i títí tó fi ku ojú ewé kan. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, kò sí èébú, ohun tó ṣẹlẹ̀, ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀, ohun tá à ń fẹ́. Ẹ̀dà méjì ni àbúrò mi gbé lọ, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì mọ́ ìkejì. Sẹ́kítírì ní àwọn kì í lu òǹtẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ yẹn jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án títí di aago méjì, wọ́n lù ú.

Ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí èsì. A kọ sí Dean, ọ̀gá fákọ́tì. Dean ní káwọn ṣì máa wò ó, wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni lẹ́tà kẹta. Lọ́yà ní ká lo òfin Freedom of Information ti 2011, tó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba fèsì láàárín ọjọ́ méje, ká fi béèrè ohun kan ṣoṣo: ibi tí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì ti sọ kọ́ọ̀sì yẹn di dandan, àti sẹ́ẹ̀tì wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n pe àbúrò mi. Ìwé ojú kan. Ó wà níbẹ̀ pé àwọn tó wọlé láti 2021/2022 ló máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ya fótò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo jókòó sílẹ̀, kọ́sítọ́mà ń pè mí, mi ò dáhùn. Gbogbo ìgbà yẹn, òfin tiwọn gan-an ló ń gbe ọmọ wa, dípátímẹ́ǹtì ni ò ka ìwé náà dópin.

Lọ́yà gba ₦25,000, wọ́n kọ lẹ́tà sí Registrar, wọ́n so gbogbo ẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí ọ̀rọ̀ yìí ò bá tíì yanjú, àwọn máa pẹjọ́ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ẹjọ́ sílẹ̀ lóòótọ́, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

4 November ni lísìtì àfikún jáde, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ. Orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀, òun àtàwọn márùn-ún míì tí irú ẹ̀ ṣe. Màmá wa ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn kúnlẹ̀ ní pálọ̀ ni.

Àmọ́ àwọn méjì nínú kíláàsì wọn ti lọ sanwó ọdún míì, wọ́n ti rẹ́jísítà kọ́ọ̀sì náà, torí ẹ̀ ni wọn ò ṣe sí nínú lísìtì àfikún. Àbúrò mi ló fún wọn ní nọ́ńbà mi. Mo ti tẹ lẹ́tà tiwọn, mo so ìwé Sẹ́nẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́ ọn, ẹ̀dà méjì méjì, ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ń gbé e lọ.