Kẹ̀kẹ́ lórí Gower: ìtọ́sọ́nà fún ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Swansea

Gower ni ilẹ̀ tó yọ wọ inú òkun ní ìwọ̀-oòrùn Swansea, tí omi yí ká lọ́nà mẹ́ta. Ní 1956, òun ni ibi àkọ́kọ́ ní gbogbo UK tí wọ́n fún ní oyè Area of Outstanding Natural Beauty, ìyẹn ilẹ̀ tí òfin ń dáàbò bò nítorí ẹwà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ẹ̀kọ́, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ kíà gbé dé Swansea, inú mọ́tò ọlọ́mọtò la ti ń wò ó, lọ́jọ́ Bank Holiday tí gbogbo ayé wà lójú títì. Kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gùn lọ.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn: ṣé ẹni tó wá sókè òkun ló tún máa gun kẹ̀kẹ́? Níbí, dókítà ń gùn ún, ọ̀jọ̀gbọ́n ń gùn ún, ìyá àgbà náà ń gùn ún. Ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà tí ẹ mú wá, oṣù 12 péré ló ń lò lẹ́yìn tí ẹ bá ti di olùgbé, kí ìdánwò tó kàn yín. Kẹ̀kẹ́ kò béèrè láísẹ́ǹsì, kò béèrè nọ́ńbà, kò béèrè owó orí títì, òfin ò sì fi dandan lé ìnṣọ́ránsì. Ohun tó béèrè ni pé kí ẹ mọ òfin ojú ọ̀nà, kí ẹ sì dúró lórí ẹ̀tọ́ yín.

Òsì lẹ ó máa gbà. Láti 1972 ni Nàìjíríà ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ara wa sì ti mọ́ ọn. Kò sí ewu nígbà tí ọkọ̀ bá pọ̀, torí ẹ ó kàn tẹ̀lé wọn ni. Ìgbà tí ẹ bá yà láti ọ̀nà kékeré bọ́ sí títì tó dá páropáro, tí kò sí mọ́tò kankan láti fi ṣe àwòkọ́ṣe, ìgbà yẹn lara máa ń fà sí ọ̀tún fúnra rẹ̀. Ẹ wí i jáde lẹ́nu tó bá gba bẹ́ẹ̀: òsì, òsì. Ní ráńdábáọ̀tù, ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún yín lẹ ó dúró dè.

Èkejì, pé kí ẹ dúró lórí ẹ̀tọ́ yín, ló ṣòro jù fún wa. Nílé, tí dáńfó bá ti fọn fèrè lẹ́yìn ẹni, ètí gọ́tà lolókẹ̀kẹ́ ń sá sí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, torí ẹni tó bá ń há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì ni mọ́tò máa ń fún pọ̀. Nígbà tí wọ́n tún Highway Code, ìwé ìlànà ojú ọ̀nà, ṣe ní oṣù kìíní 2022, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ lè ṣe ìpalára jù ni ojúṣe rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ jìnnà sí ètí títì ó kéré tán ìdajì mítà. Níbi tí ọ̀nà bá há, tàbí tí ẹ bá ń súnmọ́ oríta, àárín ọ̀nà yín gan-an ni kí ẹ bọ́ sí. Ẹ̀yin méjì lè gùn ún ní ẹ̀gbẹ́ ara yín. Ìwé náà ní kí awakọ̀ tó bá fẹ́ yà yín sílẹ̀ fi àyè tó mítà 1.5 sílẹ̀ ó kéré tán tí eré rẹ̀ kò bá ju máìlì 30 ní wákàtí kan lọ, kí àyè náà sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ tí eré bá pọ̀ sí i. Mọ́tò tó dúró létí títì, ẹ fi mítà kan jìnnà sí i, kí ẹnikẹ́ni má ṣí ilẹ̀kùn lù yín. Tí awakọ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá yín, tí ẹ sì ní kámẹ́rà, ọlọ́pàá Wales ń gba fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípasẹ̀ Operation Snap.

Ní alẹ́, iná funfun níwájú àti iná pupa lẹ́yìn, dandan ni lábẹ́ òfin, pẹ̀lú ohun pupa tó ń tàn padà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Nínú oṣù Kejìlá, nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán ni oòrùn ń wọ̀, nítorí náà iná kì í ṣe ohun tí ẹ ó fi sílé. Ẹ má gùn ún lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àyàfi tí àmì bá wà níbẹ̀ pé ó tọ́. Akoto, òfin kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni dé e. Èmi ní kí ẹ dé e.

Tó bá di ti owó, ẹ bi ibi iṣẹ́ yín bóyá wọ́n ní Cycle to Work. Wọ́n á ra kẹ̀kẹ́ fún yín, wọ́n á máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó orí. Àmọ́ àyọkúrò yẹn kò gbọ́dọ̀ mú owó oṣù yín wá sísàlẹ̀ owó tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣeé ṣe fún ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ kíà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí físà Skilled Worker, ẹ béèrè lọ́wọ́ HR ohun tí yóò ṣe sí iye tí wọ́n kọ sórí ìwé yín kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára irin kẹ̀kẹ́ náà lórí BikeRegister, ibi ìforúkọsílẹ̀ kẹ̀kẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ má baà ra ohun tí wọ́n jí.

Ó wá ku ọ̀nà. Ti etí òkun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, láti Marina Swansea dé Mumbles. Ó tó máìlì 5, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, mọ́tò kì í gba ibẹ̀. Ojú rélùwéè àtijọ́ ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò rélùwéè ní gbogbo ayé, ní 1807, nígbà tó jẹ́ pé ẹṣin ló ń fà á. 1960 ni wọ́n tì í pa. Ẹ rọra gùn ún lópin ọ̀sẹ̀. Okùn ajá máa ń na dábùú ọ̀nà, kò sì rọrùn láti tètè rí i. Ní Blackpill, lójú ọ̀nà yìí kan náà, National Cycle Network nọ́ńbà 4 (ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi àmì sí) yà kúrò létí omi, ó wọ igbó Clyne Valley, ó ń gòkè jẹ́jẹ́ lábẹ́ igi gba Killay àti Dunvant títí dé Gowerton. Ẹni tó bá ti lè lọ tó lè bọ̀ lórí ọ̀nà méjèèjì yìí láìsí wàhálà ti ṣe tán fún títì.

Títì náà ni A4118, láti Killay wọ pápá Fairwood Common. Ibẹ̀ lẹ ó ti kọ́kọ́ bá irin róbótó tí wọ́n tò sórí kòtò kí ẹran má baà kọjá. Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ dúró ṣánṣán, kí táyà dábùú àwọn irin náà gan-an, ẹ má yíwọ́, ẹ má fọwọ́ kan bíréèkì lórí rẹ̀. Tí òjò bá ti pa á, ó máa ń yọ̀ bí omi ilá. Lẹ́yìn ibẹ̀, ẹṣin àti àgùntàn ló ni pápá. Tí ẹ bá rí ọmọ àgùntàn kan lápá kan títì tí ìyá rẹ̀ wà lápá kejì, ẹ dẹ eré yín, torí yóò sọdá. ARAF tí ẹ ó máa rí ní lẹ́tà ńlá lórí títì, ẹ rọra ló ń wí ní èdè Welsh.

Ní Parkmill, ọ̀nà rì sínú àfonífojì, ó sì gun òkè Penmaen kíákíá. Ẹ ti yí jíà sí èyí tó fúyẹ́ kí òkè tó bẹ̀rẹ̀. Lókè, ọwọ́ òsì, Three Cliffs Bay yóò yọ sí yín, odò tó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ lórí iyanrìn, àpáta mẹ́ta ṣóńṣó létí òkun. Mi ò tíì rí olókẹ̀kẹ́ tí kò dúró níbẹ̀. Láti Scurlage, ẹ yà sọ́tùn-ún gba B4247 dé Rhossili, níbi tí títì parí sí. Etíkun máìlì 3 wà nísàlẹ̀, tí omi bá sì ti fà, ẹ ó rí egungun ọkọ̀ Helvetia tó rì níbẹ̀ ní 1887. Láti àárín Swansea, ẹ ó ti gùn tó nǹkan bí máìlì 18. Afẹ́fẹ́ sábà máa ń fẹ́ wá láti ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà àlọ ló le, àbọ̀ ni yóò tì yín láti ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí èyí mú yín na gbogbo agbára tán kí ẹ tó débẹ̀.

Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ràn jù, torí ọ̀pọ̀ wa ní ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Ní ọ̀sán oṣù Kẹjọ, ẹ fi A4118 sílẹ̀ fún mọ́tò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi iṣẹ́ òru, kó sùn kó tó gun kẹ̀kẹ́.

Fún àbọ̀, ẹ lè yà ní Reynoldston, kí ẹ gun òkè Cefn Bryn níbi tí òkúta Arthur's Stone wà, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ sí apá àríwá. Láti Llanrhidian dé Crofty, ọ̀nà kékeré kan gba inú àbàtà, ó dákẹ́ rọ́rọ́, ṣùgbọ́n omi òkun máa ń bò ó nígbà tó bá kún gan-an. Ẹ wo àkókò omi kí ẹ tó kúrò nílé. Tí kò bá dára, B4295 ni kí ẹ gbà. Ẹ ó gba Penclawdd kọjá, níbi tí wọ́n ti ń kó cockles, ẹran òkun kékeré oníkarawun méjì, láti ọjọ́ pípẹ́, títí ẹ ó fi dé Gowerton. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin wà níbẹ̀ tí ó lè gbé ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ yín padà sí Swansea tó bá ti rẹ̀ yín. Ẹni tó bá ń mú kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti London Paddington, kó ti gba àyè fún un sílẹ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Wọn kì í gba owó lórí rẹ̀.