Próstéètì bàbá yín: bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é láti àyẹ̀wò títí dé ẹ̀yìn ìtọ́jú

Ẹ kọ́kọ́ ra ìwé ọmọléèwé kan, èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta yẹn náà, ẹ kọ orúkọ bàbá yín sí i lára, torí gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí, inú ìwé yẹn ló máa wọ̀. Ó ti di ọdún mẹ́ta tá a ti ń kọ ti bàámi, tí wọ́n ní jẹjẹrẹ próstéètì.

Páànù la fi yí balùwẹ̀ ilé wa ní Aké ká. Lóru mo máa ń gbọ́ ìtọ̀ bàámi lára páànù yẹn, á kán tó, á dúró, á tún kán tó, wọ́n á wà níbẹ̀ pẹ́ títí kí wọ́n tó wọlé, kò sì ní tó wákàtí kan tí wọ́n á tún ti dìde. A ní ogbó ni. Àwọn kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ìyá alágbo kan sì ń ta àgbo fún wọn fún odidi ọdún kan. Ọdún yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Ẹ jẹ́ ká la ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Próstéètì kì í ṣe orúkọ àìsàn, ẹ̀yà ara ni, gbogbo ọkùnrin ló ní in, abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, kò ju àwùsá lọ lára ọ̀dọ́, ó wà lára ohun tó ń ṣe omi tó máa ń bá àtọ̀ jáde. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ gba àárín ẹ̀ kọjá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó bá wú, ìtọ̀ ò ní fẹ́ jáde mọ́. Wíwú lásán kì í ṣe jẹjẹrẹ o, ọ̀pọ̀ àgbà ọkùnrin ló ní in. Ibi tó ti le ni pé jẹjẹrẹ gangan sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀, ibi tó jìnnà sí ọ̀nà ìtọ̀, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí bàbá máa tọ̀ dáadáa. Torí náà ẹ má dúró de àmì kankan. Ẹni tó bá ti pé 50 kó lọ bá dọ́kítà sọ ọ́, àmọ́ àwa èèyàn dúdú ló ń mú jù, ẹni tí bàbá ẹ̀ tàbí ọmọ ìyá ẹ̀ ọkùnrin bá sì ti ní in, kó ti bẹ̀rẹ̀ láti 40 tàbí 45. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni 42, ti ṣe tiẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà, PSA ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò náà, èròjà kan tí próstéètì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n. Fún ọjọ́ méjì ṣáájú ẹ̀, kí bàbá má bá obìnrin lò pọ̀, kí wọ́n má gun kẹ̀kẹ́ ológeere, tí wọ́n bá sì ń lo oògùn finasteride fún wíwú, ẹ sọ fún dọ́kítà, torí oògùn yẹn máa ń gé nọ́ńbà náà sí ìdajì, á wá dà bíi pé kò sí nǹkan. Tí PSA bá ti kọjá 4, dọ́kítà á fẹ́ wò ó síwájú. Ẹ má sunkún o, wíwú lásán tàbí kòkòrò inú ìtọ̀ lè gbé e sókè, jẹjẹrẹ sì lè wà kí nọ́ńbà kéré. Bó ṣe ń gùn láti ìgbà dé ìgbà ló ń sọ̀rọ̀ jù, ìyẹn ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ ra ìwé: ọjọ́, nọ́ńbà, orúkọ ibi tẹ́ ẹ ti ṣe é.

Ìka ló kù, ìyẹn ni kí dọ́kítà ti ojú ìdí fi ìka kan próstéètì wò. Bàámi yarí.

“Ṣé ìdí mi ni wọ́n fẹ́ ki ìka bọ̀?”

“Bàámi, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣáà rántí Mandela, ẹni 83 ni wọ́n nígbà tí wọ́n gba rẹdiótẹ́rápì, ìtọ́jú onítànṣán yẹn, nítorí jẹjẹrẹ próstéètì ní 2001, wọ́n sì lo ọdún 12 sí i láyé.”

Mandela yẹn ló gbé wọn dé FMC, ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìdí-Aba, kì í ṣe ẹnu mi.

Tí ìka bá kan ibi tó le bí òkúta tàbí PSA bá ga, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ya MRI, ìyẹn àwòrán inú ara, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ tín-ínrín ni wọ́n á fi bu ẹran díẹ̀díẹ̀ níbi bíi 12. Ẹ̀jẹ̀ lè hàn nínú ìtọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nínú àtọ̀ á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ò le, àmọ́ tí ara bá gbóná tàbí òtútù bá ń mú wọn, ẹ gbé wọn padà lọ lọ́jọ́ náà. Èsì ẹ̀ á ní nọ́ńbà Gleason, tó ń sọ bí jẹjẹrẹ náà ṣe lágbára tó, láti 6 dé 10. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Jẹjẹrẹ 6 tí kò tíì jáde síta, wọ́n lè má fọwọ́ kàn án rárá, kí wọ́n kàn máa ṣọ́ ọ, ẹ má rò pé wọ́n pa bàbá yín tì. Èyí tó bá lágbára jùyẹn, iṣẹ́ abẹ láti yọ próstéètì tàbí rẹdiótẹ́rápì ni, ti wa, rẹdiótẹ́rápì ni, wọ́n kọ ọ́ sí ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, Mọ́ńdè sí Fúráìdè fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ tètè wá ilé tẹ́ ẹ máa sùn níbẹ̀ torí Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn lójoojúmọ́ á pa bàbá lára.

Tó bá ti dé eegun, tàbí láti fi kún rẹdiótẹ́rápì, wọ́n á dá họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin inú ara (testosterone) dúró, torí òun ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, Charles Huggins ló fi hàn ní 1941, ó sì gba Nobel ní 1966. Abẹ́rẹ́ ni, oṣooṣù tàbí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, tàbí kí wọ́n yọ kórópọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó ìyẹn kéré jù. Ooru á máa mú bàbá lójijì, ní tiwa, nínú ọyẹ́ ni bàámi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bọ́ dàńṣíkí tí wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra, àwa da aṣọ bora. Eegun náà máa ń rọ, kí wọ́n máa rìn dáadáa.

Ní ti ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ̀gbọ́n bàámi lo kátítà, rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà jáde, bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ìtọ̀ ń jò fún oṣù púpọ̀. Ẹ ra pámpásì àgbà, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tí kátítà bá ti jáde, kí wọ́n máa fún ìdí bí ẹni tó ń pa ìsó mọ́ra, kí wọ́n kà dé márùn-ún kí wọ́n tó tú u, nígbà mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ọ̀rọ̀ orí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí dọ́kítà bá ń sọ ọ́. Ó lè tó ọdún kan tàbí méjì kí okun padà, nígbà míì kì í padà tán, oògùn wà fún un, àmọ́ ẹni tó ń lo oògùn nitrate fún ọkàn ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án.

PSA yín ò parí o. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá, tó bá gun 0.2 lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tètè lọ. Bí ẹ̀yìn bá ń dun bàbá lóru, tí ẹsẹ̀ wá ń kú tì tàbí tí ìtọ̀ há pátápátá, ẹ má dúró de àárọ̀, jẹjẹrẹ lè ti ń tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn. Nọ́ńbà awakọ̀ tó máa ń gbà láti gbé wa lóru la kọ sí ẹ̀yìn ìwé bàámi, lẹ́tà ńlá ńlá.